Ata Dúdú, Ata Pupa: Lẹ́tà Àwọn Sójà Íńdíà Láti Ojú Ogun Faransé

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1915, sójà Íńdíà kan tó gbọgbẹ́ lójú ogun ilẹ̀ Faransé ránṣẹ́ sílé. Kò sọ̀rọ̀ ìbọn, kò sọ̀rọ̀ òkú. Ata ló ń sọ. Ó ní ata dúdú ti tán, ata pupa ni wọ́n ń lò báyìí, ṣùgbọ́n ata dúdú ṣì máa ń wúlò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí òun ló ta jù, ata pupa ò lágbára tó o. Ẹni tí ò bá fura á ní ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni.

Ata dúdú ni àwọn ọmọ Íńdíà. Ata pupa ni àwọn sójà òyìnbó. Ohun tó ń wí ni pé àwa ti kú tán, àwọn òyìnbó ni wọ́n ń kó síwájú ogun báyìí, wọn ò sì mọ̀ ọ́n jà tó wa. Pẹ̀lú ìlà díẹ̀ nípa ata, ó ti ròyìn ogun fún gbogbo abúlé.

Òyìnbó tó ń bójú tó lẹ́tà wọn náà mọ̀ pé kì í ṣe ọbẹ̀. Evelyn Howell lorúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ni, wọ́n wá fi ṣe olórí àwọn tó ń yẹ lẹ́tà àwọn sójà Íńdíà wò ní Boulogne, ìlú etíkun kan ní àríwá Faransé. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, a ò bá má gbọ́ nípa ata yìí láéláé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó tún pa mí lẹ́rìn-ín: ẹni tó ń tú lẹ́tà onílẹ́tà ló bá wa tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí ló gbé ọmọ àgbẹ̀ Punjab, ní àríwá Íńdíà, dé ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́? Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, kò sì pẹ́ tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ lọ sí Faransé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ. Àwọn tí wọ́n ń gbà sísẹ́ ogun nílé ò tíì mọ ìbọn í yìn. Àwọn ọmọ ogun tó wà ní sẹpẹ́, tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún, Íńdíà ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn gúnlẹ̀ sí Marseille, ìlú etíkun kan ní gúúsù Faransé. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń kojú oòrùn ilé ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ku díẹ̀ kí òtútù dé. Kó tó di ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n ti wà nínú yàrà, kòtò gígùn tí àwọn ọmọ ogun ń gbẹ́ láti fara pamọ́ fún ọta. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ní Hollebeke ní Bẹ́ljíọ̀mù, Khudadad Khan dúró ti ìbọn arọ̀jò-ọta kan títí tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń yìn ín fi kú, tí àwọn ará Jámánì fi òun náà sílẹ̀ bí òkú. Ó rákò padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ lálẹ́. Òun ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù tí Gẹ̀ẹ́sì ń fún akínkanjú lójú ogun. Nígbà tí ogun fi máa parí, bíi 138,000 sójà Íńdíà ló ti wá sí Faransé.

Púpọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, láti Punjab, láti òkè Garhwal, láti Nepal, láti ilẹ̀ àwọn Pathan lẹ́bàá ààlà Afghanistan. Owó oṣù sójà lásán nínú wọn jẹ́ rupee 11, ilé ló sì ń retí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ní ọsibítù, á jókòó tì í, á máa sọ, ẹni yẹn á máa kọ ọ́ sílẹ̀, lédè Urdu tàbí ní lẹ́tà Gurmukhi tí àwọn Sikh, ẹlẹ́sìn kan ní Punjab, ń lò.

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn akọ̀wé ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pósọ́fíìsì wa pẹ̀lú tábìlì kékeré, tí ìyá àgbà á wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ọmọ òun ní Kùmásí tàbí ní Kánò. Akọ̀wé yẹn ló ń mọ àṣírí gbogbo agbo ilé. Ó sì ní bó ṣe ń kọ ọ́: "Mo lérò pé lẹ́tà mi yìí yóò bá yín ní àlàáfíà gẹ́gẹ́ bí ó ti fi èmi náà sílẹ̀", lẹ́yìn náà, ó di kí ẹ bá mi kí lágbájá, kí ẹ bá mi kí tàmẹ̀dù, kó tó wá kan ohun tí wọ́n rán an gan-an. Lẹ́tà àwọn sójà yìí náà ní ìkíni gígùn tirẹ̀, ó ní àdúrà fún ọba tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ ní sùúrù, torí ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹran máa ń wà.

Nígbà tó bá délé ńkọ́? Wọ́n á pe ẹni tó mọ̀wé lábúlé, á kà á sókè, gbogbo ilé á pé jọ. Kò sí ìgbà kankan tí lẹ́tà yẹn jẹ́ ti èèyàn méjì péré. Ọkùnrin tó fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ létí akọ̀wé, ìyàwó náà á sì gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà abúlé, níṣojú ìyá ọkọ. Àti òyìnbó tó wà láàárín.

Ètò òyìnbó náà rí báyìí. Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ sójà tí onílẹ́tà wà á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni àpò lẹ́tà á dé Boulogne. Ní oṣù kẹta ọdún 1915, lẹ́tà tí àwọn sójà Íńdíà tó wà ní Faransé ń kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti tó 10,000 sí 20,000. Àwọn tó wà lábẹ́ Howell kò pọ̀, wọn ò lè ka gbogbo rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń mú díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ka ìwọ̀nyẹn, wọ́n á da èdè èyí tó bá ṣe pàtàkì kọ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì kó o mọ́ ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Howell ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ní London. Èyí tí wọ́n bá rí i pé ó léwu, wọ́n á fi yíńkì pa ibẹ̀ rẹ́ tàbí kí wọ́n dá a dúró.

Kí ni wọ́n ń wá? Ọ̀tẹ̀ ni. Lọ́dún 1913, àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ Ghadar sílẹ̀. Ọ̀tẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà. San Francisco ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń pe àwọn sójà níjà pé kí wọ́n kẹ̀yìn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù ń ba ìjọba kí ìwé bẹ́ẹ̀ má lọ wọ inú yàrà. Ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń wá kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ìbànújẹ́, ó sì pọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọgbẹ́ kọ̀wé sílé ní oṣù kìíní ọdún 1915 pé kí wọ́n má ṣe rò pé ogun lèyí, kì í ṣe ogun, òpin ayé ni. Òmíràn fi ọta àgbá wé òjò tó ń rọ̀ láìdá. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n ṣe ń yan ọkà nínú agbada ni àwọn ń rí níbẹ̀. Wò ó bí wọ́n ṣe ń wá àfiwé: òjò, ọkà, ewé tó ń wọ́ dànù. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọn ò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ẹ̀rọ ogun ń fi ara èèyàn ṣe, oko ni wọ́n ti lọ yá ọ̀rọ̀. Nígbà tó sì di oṣù kẹta, nínú ìjà Neuve Chapelle, abúlé kan ní àríwá Faransé, láàárín ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 13, ó ju 4,000 àwọn sójà ẹgbẹ́ ogun Íńdíà lọ tó kú, tó gbọgbẹ́ tàbí tí a ò rí mọ́. Ẹ wá ronú sí ilé tó ń retí lẹ́tà lẹ́yìn ìyẹn.

Lẹ́tà tó dun Howell àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ jù ni èyí tó ń sọ fún àbúrò pé: má wá. Má forúkọ sílẹ̀. Kí ẹ pa ọmọ yẹn mọ́ sílé. Ìgbà yẹn ni ìjọba ń wá sójà tuntun káàkiri Punjab, lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n bá kà sókè níwájú gbogbo abúlé lè ba iṣẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ogun jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ata.

Howell kíyè sí i pé àwọn onílẹ́tà yìí mọ̀ ọ́n sọ láìsọ. Ó ní bí wọ́n bá ti fẹ́ pa òwe bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi kún un pé: ro ọ̀rọ̀ yìí títí tí yóò fi yé ọ. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwárí ohun àjèjì kan tó wà lára àwọn ará Ìlà Oòrùn. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àwọn baba wa kò tiẹ̀ nílò ìwé: ẹni tó bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ọkàn rẹ̀ fà sí ọ, bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ìwà yín jọ. Àrokò lọkùnrin yẹn pa, ata ló kàn fi pa á dípò owó ẹyọ. Howell gbà pé kò sí bí òun ṣe lè dá irú rẹ̀ dúró. Ó tún ráhùn pé ìròyìn tí wọ́n ń fi ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbé wálé kì í ṣe kedere, pé àhesọ rẹpẹtẹ ló ń tìdí rẹ̀ yọ. Ibi tó ti jàre díẹ̀ nìyẹn. Ilé tó bá jókòó ti ọ̀rọ̀ ata, tó ń rò ó títí tí yóò fi yé e, ó lè rò ó débi tí ẹni tó kọ ọ́ ò dé.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọn kò fi ata bò, tó fara hàn gbangba nínú lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà. Bí sójà bá gbọgbẹ́, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó sàn, wọ́n á tún dá a padà sínú yàrà. Lójú àwọn ará Íńdíà, ìrẹ́jẹ nìyẹn. Wọ́n ní àṣà kan tó dá lórí iyọ̀: ẹni tó bá jẹ iyọ̀ ọba gbọ́dọ̀ jà fún ọba, kò gbọ́dọ̀ dalẹ̀. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti san owó iyọ̀ rẹ̀. Kí ló kù tí wọ́n tún ń bi í? Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ Mir Dast ni mo fi ń gbé èyí yẹ̀ wò, torí òun kì í ṣe ojo tí a lè ní ó ń sá fún ogun. Pathan ni, láti ìran Afridi. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1915, lẹ́bàá Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà tí èéfín olóró àwọn ará Jámánì bo àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ọ̀gá òyìnbó wọn ò sì sí mọ́, òun ló kó àwọn tó kù jọ. Ó tún gbé ọ̀gá ogun mẹ́jọ, òyìnbó àti ọmọ Íńdíà, kúrò níbi tí ọta ti ń rọ̀. Victoria Cross ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Nínú lẹ́tà rẹ̀ láti ọsibítù ní Brighton, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù keje, ó ní kí wọ́n bá òun yọ̀, òun ti gba Victoria Cross. Ohun dáadáa ni, ó wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín yìí kò jẹ́ kí òun sinmi, ó ti pa òun tán. Ìdùnnú àti ikú nínú èémí kan náà.

Nígbà tí Ọba George Karùn-ún fúnra rẹ̀ wá sí Brighton ní oṣù kẹjọ láti fi àmì ẹ̀yẹ náà lé e láyà, lẹ́tà ẹlòmíràn tó wà ní ọsibítù ló gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ wálé. Onílẹ́tà yẹn ní Mir Dast bẹ ọba níwájú gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá ti gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má dá a padà sínú yàrà mọ́, torí iṣẹ́ gidi kan ò ní tọwọ́ rẹ̀ jáde mọ́, yóò sì ba àwọn yòókù jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn láti ẹnu rẹ̀ dé ọ̀pọ̀ abúlé, lẹ́tà ló gbé e.

Mir Dast ní arákùnrin kan, Mir Mast, tó wà nínú ẹgbẹ́ sójà mìíràn lójú ogun kan náà. Ní alẹ́ kan tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1915, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Neuve Chapelle, òun àti àwọn Afridi mìíràn fi yàrà sílẹ̀, wọ́n rìn lọ bá àwọn ará Jámánì. Wọ́n mú un lọ sí Jámánì, nígbà tó yá, ó bá ikọ̀ tí ìjọba Jámánì rán sí Kabul, olú-ìlú Afghanistan, rìn. Ọmọ ìyá méjì: ọ̀kan gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, èkejì sá tọ ọ̀tá ọba náà lọ. Ẹ wo irú ẹnu tí àwọn ará ilé wọn fẹ́ fi dáhùn bí aládùúgbò bá bi wọ́n pé àwọn ọmọ yín ńkọ́.

Brighton fúnra rẹ̀ dùn-ún gbọ́. Royal Pavilion, ààfin kan tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà kan kọ́ tó fi òrùlé rẹ̀ fara wé ti Íńdíà, ni wọ́n sọ di ọsibítù. Wọ́n ya ilé ìdáná sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn àti ìran olúkúlùkù, ẹ̀rọ omi Híńdù ọ̀tọ̀, ti Mùsùlùmí ọ̀tọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ̀wé sílé pé àwọn ń sùn nílé ọba, ìjọba sì fẹ́ràn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀, ní ọsibítù Kitchener nínú ìlú kan náà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi yí ọgbà ká kí àwọn aláìsàn má bàa jáde lọ bá obìnrin òyìnbó. Lẹ́tà tó ń tibẹ̀ wá pe ibẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n.

Ilé náà ń fèsì, wọ́n sì ń tú ìyẹn náà wò. Màlúù ti bí. Òjò ò tètè dé. Ọ̀ràn ilẹ̀ tí ìwọ àti ọmọ bàbá rẹ ń bá fà ti dé kóòtù. Olówó èlé ti wá. Ọmọbìnrin ti tó lọ́kọ, owó ìgbéyàwó dà? Ẹni tó wà nínú yàrà ń kà nípa ààlà oko tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún wọlé ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, inú ń bí i bí ẹni pé kò sí ọta àgbá kankan lókè orí rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ogun ò ní kí èèyàn má jà sílẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1915, wọ́n kó àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ kúrò ní Faransé lọ sí Mesopotamia, ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí. Àwọn ẹlẹ́ṣin dúró títí di ọdún 1918, ohùn lẹ́tà sì yí padà. Wọ́n ti ń gbé láàárín àwọn ará oko Faransé. Wọ́n rí àwọn obìnrin tó ń dá oko ro, tó ń kó ìwé owó pamọ́, tó ń ka ìwé ìròyìn, nígbà tí àwọn ọkọ wà lójú ogun. Ẹnì kan kọ̀wé nípa ìyá àgbà tó fi í wọ̀, tó ń fọṣọ fún un, tó ń po kọfí fún un láràárọ̀, tó sì sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi ọmọbìnrin sí iléèwé. Mi ò mọ ohun tí àwọn bàbá àgbà ń wí nígbà tí wọ́n bá ka irú rẹ̀ sókè fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ọwọ́ tó ṣa àwọn lẹ́tà yìí jọ. Ohun tó bá dẹ́rù ba òyìnbó tàbí tó bá yà á lẹ́nu ló mú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kàn ń béèrè pé màlúù dà, wọ́n kọjá láìsí ẹni tó da èdè wọn kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òun mọ ohun tí àwọn sójà Íńdíà ń rò nínú yàrà, ohun tí wọ́n ń rò tí Howell kà tó sì mú ló ń sọ.

Ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà wà ní British Library ní London títí di òní. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí sójà ọlọ́rọ̀ ata yẹn sọ lédè rẹ̀, tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ fún un, tí wọ́n sì dà sí Gẹ̀ẹ́sì ní Boulogne, ló wá dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ata. Ìwé tí akọ̀wé náà fọwọ́ kọ gan-an kò sí nínú fáìlì.